Píjò 504 pikọ́ọ̀pù: ríra àti àtúnṣe rẹ̀, ibo gan-an ni owó ń bá lọ?

Àlàbí_Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Píjò 504 pikọ́ọ̀pù méjì ló wà nílẹ̀ níbí, a sì fẹ́ mú ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ ń rìn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò mu ọ́ìlì, àmọ́ ilẹ̀ kábíìnì ti jẹrà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti fi páànù lẹ abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì. Ìkejì kò rìn rárá. Wọ́n ti tú tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ sílẹ̀, omi ti wọnú ọ́ìlì, àmọ́ bọ́dì rẹ̀ le, fẹ́ńdà àti ilẹ̀kùn tó bá a jáde láti ilé iṣẹ́ Píjò ní Kàdúná ṣì wà lára rẹ̀, ìwé rẹ̀ sì pé. Ìlọ́po méjì owó ìkejì ni wọ́n ń pe àkọ́kọ́. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ la fẹ́ máa fi kó láti oko, àmọ́ a fẹ́ kó dùn ún wò pẹ̀lú. Èwo ni ká mú, kí ló sì máa jẹ owó jù?

Ọ̀gá_Ẹ́ńjìnnì

Ìkejì ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ́ńjìnnì ni ohun tó rọrùn jù láti tún ṣe lára 504. Yálà 1796 cc ló wà nínú rẹ̀ tàbí 1971 cc, sílíìfù (irin yípo tí písítìnnì ń rìn nínú rẹ̀) tí omi ń yí ká ni wọ́n ní, èyí tó ṣeé fà yọ, kẹ́ ẹ sì ti tuntun bọ̀ ọ́. Kò sí pé ẹ̀ ń gbé búlọ́ọ̀kù lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fẹ ẹnu rẹ̀. Kíìtì kan máa ń kó sílíìfù mẹ́rin, písítìnnì mẹ́rin, ríǹgì àti píìnnì wọn dání. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọn ẹnu sílíìfù tó wà nínú rẹ̀: mìlímítà 84 ni ti 1796, 88 ni ti 1971. Ìrìn písítìnnì àwọn méjèèjì jẹ́ 81, búlọ́ọ̀kù wọn sì jọra, torí náà ẹ má fi ojú lásán rà á.

Ọ̀rọ̀ omi inú ọ́ìlì yẹn, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun kan: ṣé ẹnikẹ́ni yí kíráǹkì lẹ́yìn tí wọ́n tú tọ́ọ̀pù? Tọ́ọ̀pù ló ń tẹ sílíìfù mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e kúrò, tí ẹnì kan wá yí ẹ́ńjìnnì, písítìnnì á fa sílíìfù gòkè díẹ̀, ọ̀rá (síìlì) tó wà ní ìdí rẹ̀ á já, omi á sì máa kán sínú ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì òkè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, omi ò sì ní yé wọlé. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ náà fúnra yín, ẹ fi bọ́ọ̀tì àti wáṣà ńlá de sílíìfù mọ́lẹ̀ ní gbàrà tí tọ́ọ̀pù bá kúrò. Bí wọ́n bá ti yí i ṣáájú, kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kẹ́ ẹ fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, kẹ́ ẹ fọ ìjókòó wọn mọ́ títí irin á fi dán, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rá tuntun sí ìdí wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé rúlà irin tó tọ́ lé ojú búlọ́ọ̀kù. Ẹnu sílíìfù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ sókè ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba. Bí ọ̀kan bá rì sílẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ò ní dì í mú, ibẹ̀ ni iná á ti máa jáde. Àwọn ọ̀rá ìdí yẹn nípọn ju ara wọn lọ, yíyan èyí tó bá a mu la fi ń tún un ṣe.

Panẹ́bítà_Mọ́kọ́lá

Mo fara mọ́ ohun tí ọ̀gá sọ, màá sì ṣàlàyé ohun tó fà á. Pikọ́ọ̀pù 504 ò dà bí àwọn tí ṣáásì kan gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí kábíìnì kàn jókòó lé e. Iwájú rẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ìjókòó, irú bọ́dì salúùnù ni. Ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ti fi irin ńlá kún un láti gbé ẹrù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé irin abẹ́ ilẹ̀kùn àti ilẹ̀ kábíìnì ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Bó bá jẹrà níbẹ̀, egungun ọkọ̀ ló jẹrà.

Èyí tí wọ́n fi páànù òrùlé lẹ yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án bí wọn ò bá dín owó rẹ̀ kù gan-an. Páànù òrùlé fẹ́lẹ́, síńkì ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí wẹ́dà mú dáadáa, èéfín rẹ̀ sì léwu fún ẹni tó ń jó o. Ohun tó burú jù ni pé wọn kì í gé èyí tó jẹrà kúrò kí wọ́n tó lẹ ẹ́. Omi á há sí àárín irin méjèèjì, ìpẹtà á sì máa jẹun lọ níbi tí ojú ò tó.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá bọ́dì ìkejì le lóòótọ́, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé òòfà kékeré kan kó má ba ọ̀dà jẹ́, kẹ́ ẹ fà á káàkiri. Ibi tí kò bá ti mú, ọ̀bẹ̀ filà (ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó jìn lára bọ́dì kí wọ́n tó kùn ún) ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn ibi wọ̀nyí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti sukudíráfà ẹlẹ́nu mímú: orí fẹ́ńdà inú níbi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti di mọ́ bọ́dì lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ìdí wíńdísíkíríìnì, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀ awakọ̀, ojú ìsopọ̀ kábíìnì àti àpótí ẹrù, àti ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ irin ńlá. Ẹ gún un. Irin tó le á dún, èyí tó jẹrà á wọlé.

Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń kó tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ tó ti kó ajílẹ̀ ìgbàlódé, iyọ̀ tàbí ẹja tútù máa ń jẹrà láti inú àpótí ẹrù wá sísàlẹ̀. Èyí tó ń kó epo pupa máa ń dọ̀tí, àmọ́ irin rẹ̀ sábà máa ń wà ní pípé.

Àlàbí_Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n Panẹ́bítà, bí a bá mú ìkejì, àpótí ẹrù rẹ̀ ti lu díẹ̀ ní ilẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ṣá. Irin mélòó àti ọ̀dà mélòó la máa rà?

Panẹ́bítà_Mọ́kọ́lá

Ilẹ̀ àpótí ẹrù: ẹ ra pákó irin géèjì 16, ìyẹn mìlímítà kan àbọ̀. Pákó kan jẹ́ ẹsẹ̀ 4 sí 8. Wọ́n máa gé e, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan ò sì ní tó fún ilẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ tó bá ti bàjẹ́, torí náà ẹ ka méjì. Bó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ nìkan, géèjì 16 tó. Bí ẹ ó bá máa da òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé sí i, ẹ fi irin onígun tó nípọn mìlímítà méjì sílẹ̀, àmọ́ ẹ rántí pé ìwọ̀n irin náà á gba lára ẹrù tí ẹ lè kó. Fún ara kábíìnì, géèjì 20 ni. Géèjì 18 le jù láti tẹ̀ sí ìrísí tó ti wà.

Ọ̀bẹ̀ filà kò gbọ́dọ̀ nípọn ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Ibi tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi òòlù àti dólì (irin tí wọ́n ń fi tì í ní òdìkejì) gbé irin náà jáde kọ́kọ́. Filà tó nípọn máa ń sán nígbà tí bọ́dì bá ń mì lórí ọ̀nà oko, omi á sì wọ inú rẹ̀.

Ọ̀dà: gálọ́ọ̀nù kan (lítà mẹ́rin) ti ọ̀dà ìsàlẹ̀ (puráímà), gálọ́ọ̀nù kan ti àwọ̀, ìyẹn fún ìta, inú ilẹ̀kùn àti abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ ọ̀dà oní-hádínà, ìwọ̀n méjì ọ̀dà sí ọ̀kan hádínà ló wọ́pọ̀, ẹ wo ara agolo rẹ̀. Bó bá jẹ́ sẹlulóòsì, tínnà tí ẹ ó pò mọ́ ọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, torí náà gálọ́ọ̀nù kan ò ní bo ọkọ̀ náà dáadáa. Ẹ ra méjì. Sẹlulóòsì dín owó, ó sì rọrùn láti tún ibì kan ṣe, àmọ́ oòrùn tètè máa ń pa dídán rẹ̀. Fún ọkọ̀ tó máa sùn níta, oní-hádínà ni kẹ́ ẹ lò.

Owó pépà yíyọ̀ (sáńpépà) máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Láti nọ́ńbà 80 dé 800, ó máa ń tó ọgọ́rin ewé sókè kí iṣẹ́ tó parí, nítorí pé iṣẹ́ ọ̀dà gan-an, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ yíyọ̀.

Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró tì: bí wọ́n bá fẹ́ gé irin abẹ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n kọ́kọ́ jó irin dábùú sí ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn náà, láti òpó iwájú dé òpó ẹ̀yìn. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà á fún tàbí á ya nígbà tí wọ́n bá gé e, ilẹ̀kùn ò sì ní padé mọ́ láé. Ẹ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun kí wọ́n tó gé, kẹ́ ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Alájà_Pátì

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó báyìí. Àlàbí ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni bá kọ iye náírà fún ọ síbí, má fi ṣe ìṣirò rẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi 470 náírà ni dọ́là kan lọ́jà ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti ju 1,500 lọ. Gbogbo pátì tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi wá ló tẹ̀lé e. Bí a ṣe ń pín in la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí owó àtúnṣe ìkejì bá jẹ́ ọ̀nà mẹ́wàá, mẹ́rin á bá bọ́dì àti ọ̀dà lọ, méjì á bá ẹ́ńjìnnì lọ, méjì á bá bíréèkì, sítíà, sípíríǹgì àti táyà lọ, ọ̀kan á bá wáyà àti ìjókòó lọ, kí o sì fi ìkan tó kù pamọ́ fún ohun tí o máa bá pàdé nígbà tí wọ́n bá tú u. Bí o bá mú àkọ́kọ́, bọ́dì nìkan á jẹ mẹ́fà tàbí méje, wà á sì tún ní láti ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Pátì tó pọ̀ lọ́jà: bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì, bọ́ṣì, táí-rọ́ọ̀dù, wọ́tà pọ́ńpù, gásíkẹ́ẹ̀tì, kíìtì sílíìfù. Ládìpọ̀ ní Múṣín, Òwódé Onírin, Aràrọ̀mí ní Àgódi Gate n'Íbàdàn, gbogbo wọn ní i. Pátì tó ṣọ̀wọ́n: ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àpótí ẹrù, gíláàsì ẹ̀yìn kábíìnì, rọ́bà wíńdísíkíríìnì, dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò sán, ọwọ́ ilẹ̀kùn, àti àwọn ọ̀pá gíà fún èyí tí gíà rẹ̀ wà lára sítíà. Bí àwọn yẹn bá pé lára ọkọ̀ tí o fẹ́ rà, owó ńlá ni wọ́n ti bá ọ fi pamọ́. Ka wọ́n kí o tó na owó. Àwọn tó ń wá bọ́dì 504 gan-an máa ń ránṣẹ́ sí Pàntẹ́kà ní Kàdúná, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti to àwọn ọkọ̀ náà, tí àwọn oníṣẹ́ irin ibẹ̀ sì mọ̀ wọ́n.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn kì í ro nípa pátì “ojúlówó tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù”. Irin rẹ̀ lè dára, àmọ́ rọ́bà inú rẹ̀ ti gbẹ. Rọ́bà sílíńdà bíréèkì àti ọ̀rá kíráǹkì tó ti wà lórí àtẹ láti ọjọ́ pípẹ́ ò ní pẹ́ kó tó máa jò. Tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú èékánná; bí ojú ibi tí o tẹ̀ bá ń sán wẹ́wẹ́, fi sílẹ̀ fún wọn. Ní ti wọ́tà pọ́ńpù, fi ọwọ́ yí i ní ṣọ́ọ̀bù, mú ẹnu rẹ̀ mì sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọ́dọ̀ mì rárá.

Ọmọ_Kétu

Ẹ kú ìjókòó o. Ní ìhà tiwa ní Benin, “bàṣé” la máa ń pe pikọ́ọ̀pù 504, ó sì ṣì ń kó ọjà lọ sí oko títí dòní. Bọ́dì rẹ̀ kan wà ní Kútọnù tó dára ju èyí tí Àlàbí ṣàpèjúwe lọ. Ṣé kò ní dáa kí wọ́n kàn ra èyí tó pé níbí?

Alájà_Pátì

Ọmọ Kétu, ẹ ṣeun, àmọ́ kí Àlàbí má dán an wò. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba orí ilẹ̀, ì báà jẹ́ Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdìròkò. Èbúté nìkan ni ọ̀nà, níbẹ̀ náà sì rèé, ọkọ̀ àlòkù tó bá ti ju ọdún 12 lọ wà lára ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà wọlé. 504 èyíkéyìí ti kọjá ọdún náà. Pátì ló ṣeé rà níbẹ̀, odindi ọkọ̀ kọ́.

Bàbá_Ṣásí

Ẹ má gbàgbé ìwé. Ọdún 1968 ni 504 jáde nílẹ̀ Faransé, Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò ní 1975, àmọ́ 1979 ni pikọ́ọ̀pù 504 tó dé. Bí ìwé bá sọ pé pikọ́ọ̀pù 504 ọdún 1976 ni, ìwé ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fi bò ó. Àwọn ará Faransé dáwọ́ pikọ́ọ̀pù náà dúró ní 1993, Kàdúná ṣì ń bá a lọ lẹ́yìn wọn, torí náà ọdún tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára bọ́dì wé ti ìwé, ẹ fi ọwọ́ pa á: bí ojú irin ibẹ̀ bá rí bí ibi tí wọ́n ti fi gíráńdà yọ̀, ẹ padà sílé. Kí ẹni tó ń tà á fọwọ́ sí ìwé ìyípadà orúkọ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ní ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹrù tọ́ọ̀nù kan ó lé díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tó ń pa wọ́n lọ́wọ́ àwọn alágbàtà ni pé wọ́n á fi ewé sípíríǹgì kún ti ẹ̀yìn, kó lè kó tọ́ọ̀nù méjì. Sípíríǹgì á gbé e lóòótọ́. Irin tí sípíríǹgì so mọ́ ni kò ní lè gbé e, á wá sán níbi ihò bọ́ọ̀tì. Ẹ lọ sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ibẹ̀, kẹ́ ẹ wá ìlà tín-ínrín tó ní àwọ̀ ìpẹtà. Bí ẹ bá rí i, kí wọ́n gbẹ́ ihò kékeré sí òpin ìlà náà kó má báa sán síwájú, kí wọ́n jó o, kí wọ́n tó fi àwo irin lé e. Ẹ ka ewé sípíríǹgì náà: kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba.

Bíréèkì ọkọ̀ tó ti jókòó pẹ́: ẹ má rò pé páàdì tuntun nìkan ti tó. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn páìpù rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì (méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn), sílíńdà kékeré méjì ẹ̀yìn, rọ́bà inú kálípà, àti másítà (sílíńdà ńlá bíréèkì) bó bá ń jò. Rọ́bà tó ti wú nínú máa ń jẹ́ kí bíréèkì mú, àmọ́ kò ní jẹ́ kó tú. Kálípà á gbóná, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Táyà ríìmù 14 tí lẹ́tà C wà lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, torí ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Táyà salúùnù á bẹ́ lábẹ́ ẹ̀gẹ́.

Awakọ̀_Ṣakí

Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ìkejì ti kú yìí, ẹ yọ ọ́ dànù, kẹ́ ẹ gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ̀ẹ̀lì Tóyótà tòkunbọ̀ sí i. Á lágbára, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n wà níbi gbogbo, ẹ ò sì ní máa wá kábúrétọ̀ kiri.

Ọ̀gá_Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀gbọ́n Ṣakí, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣí ìnáwó rẹ̀ síta. Owó ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jó ìjókòó ẹ́ńjìnnì tuntun sí bọ́dì. Gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ò bá ti Píjò mu, torí náà gíábọ́ọ̀sì náà á wọlé pẹ̀lú irin tó ń gbé e. Ọ̀pá tó lọ bá ẹ̀yìn á ní láti gé, kí wọ́n jó o, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ bá a dọ́gba. Bí wọn ò bá bá a dọ́gba, á máa gbọ̀n láti kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Kílọ́ọ̀ṣì, rédíétọ̀ tó tóbi, páìpù epo tó ń padà sí táǹkì, àti wáyà gílóò-púlọ́ọ̀gì tó ń mú dísẹ̀ẹ̀lì gbóná kó tó ṣí, gbogbo wọn tún wà níbẹ̀. Dísẹ̀ẹ̀lì wúwo ju ti bẹntiróòlù lọ, nítorí náà sípíríǹgì iwájú á sọ̀ kalẹ̀. Àti pé dísẹ̀ẹ̀lì kì í yára yí bíi bẹntiróòlù, àmọ́ eyín ẹ̀yìn Píjò (dífẹ́rẹ́ńṣíà) ṣì wà bó ṣe wà. Ọkọ̀ á máa ké lórí títì, kò sì ní sáré. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì á tún yàtọ̀ sí ti ìwé. Bí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀, owó kíìtì àti tọ́ọ̀pù á ti jáde nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó bá fẹ́ dísẹ̀ẹ̀lì dandan, Píjò fúnra rẹ̀ ní ti 504, 2304 cc. Òun ló bá ibẹ̀ mu. Àmọ́ pọ́ńpù rẹ̀ gbówó lórí láti tún ṣe, nítorí náà ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣí ní àárọ̀ kùtù, kó tó gbóná, kẹ́ ẹ tó rà á.

Bọ̀dé_Peckham

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí fún àwọn tó bá ń ronú láti gbé 504 wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Níbí, ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 40 kò san owó orí ọ̀nà mọ́, kò sì pọn dandan kó ṣe MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún), bí wọn ò bá ti yí i padà gan-an ní ọdún 30 sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì tí kò jẹ́ ti irú ọkọ̀ náà wà lára ohun tí wọ́n kà sí ìyípadà. Ẹ́ńjìnnì Píjò mìíràn tí wọ́n ti ń fi sínú 504 láti ilé iṣẹ́ kò ní wàhálà. Bí ọkọ̀ bá ti ju ọdún 30 lọ, tó sì wà bó ṣe jáde, ó lè wọlé láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù, VAT (owó orí ọjà) rẹ̀ á sì jẹ́ ìdá 5 nínú 100. Ẹni tó bá ti fi Tóyótà sí i ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da àǹfààní yẹn nù.

Rìwáyà_Àkúrẹ́

Kí ẹ tó to ẹ́ńjìnnì padà, ẹ wo fáànù rẹ̀, torí òun ló sábà ń jó tọ́ọ̀pù 504. Fáànù náà kì í yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì nígbà gbogbo. Òòfà oníná kan wà láàárín rẹ̀. Bí omi bá gbóná, súwíìṣì ara rédíétọ̀ á fún un ní iná, òòfà á mú fáànù, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Káábọ́ọ̀nù kékeré kan ló ń gbé iná náà wọlé. Bó bá jẹ tán, fáànù ò ní mú mọ́. Lórí títì ẹ ò ní mọ̀, atẹ́gùn ń wọlé. Ẹ bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé, omi á hó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ so wáyà kan láti bátìrì mọ́ ọn tààrà: ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ “kà” kan, kí fáànù sì di mú. Bí kò bá mú, ẹ pààrọ̀ káábọ́ọ̀nù, kẹ́ ẹ sì fi àwọn bọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà níwájú tún àlàfo rẹ̀ ṣe. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń rọ bọ́ọ̀tì mẹ́ta yẹn wọlé pátápátá, kí fáànù máa yí títí. Kò burú fún ọkọ̀ oko tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ á máa jẹ epo díẹ̀ sí i, á sì máa pariwo.

Rédíétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì gba nǹkan bíi lítà 8. Ẹ má fi omi kànga nìkan sí i. Omi lásán ló ń jẹ sílíìfù àti tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù láti inú. Kúláǹtì ìdajì, omi tí a sẹ́ ìdajì.

Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì jẹ́ mìlímítà 0.6, ti kọ́ńtáàtì 0.4. Wáyà àtijọ́ tí rọ́bà ara rẹ̀ ti le, kẹ́ ẹ fa tuntun láti bátìrì dé kọ́kọ́rọ́ àti dé iná iwájú, kẹ́ ẹ fi fíúsì kún un. Fíúsì tó bá a jáde kò pọ̀ rárá.

Àlàbí_Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ìkejì la máa mú. A ti bi wọ́n: wọ́n yí kíráǹkì náà, torí náà gbogbo sílíìfù ló máa jáde. Ọ̀gá, nígbà tí a bá ń dá tọ́ọ̀pù padà, kí ni kí n máa ṣọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì?

Ọ̀gá_Ẹ́ńjìnnì

Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé tọ́ọ̀pù lọ fún àyẹ̀wò lábẹ́ omi pẹ̀lú atẹ́gùn, bóyá ó ti sán. Kí wọ́n fi rúlà wò ó láti igun dé igun. Bó bá ti tẹ̀, wọ́n á fá a, àmọ́ ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti fá a rí. Èyí tí wọ́n ti fá jù á máa kàn kíńkín bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo lórí òkè.

Kí ihò bọ́ọ̀tì gbẹ pátápátá. Ọ́ìlì tàbí omi tó bá wà ní ìsàlẹ̀ ihò lè jẹ́ kí sípánà tọ́ọ̀kì sọ pé ó ti le nígbà tí kò tíì le, ó sì lè fọ́ búlọ́ọ̀kù. Ẹ di bọ́ọ̀tì láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìpele ìpele, pẹ̀lú sípánà tọ́ọ̀kì tó ń fi iye hàn, ní iye tí ìwé Píjò sọ fún ẹ́ńjìnnì náà. Ọwọ́ lásán ò tó. Ọ́ìlì tuntun lítà mẹ́rin, 20W-50. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbóná ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, kó tutù mọ́jú, kẹ́ ẹ tú ọ́ìlì náà dànù, torí omi tó kù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 1,000, ẹ tún bọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù dì nígbà tó bá tutù, kẹ́ ẹ sì tún fáfù ṣe.

Àlàfo fáfù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù: ti ìwọlé mìlímítà 0.10, ti èéfín 0.25. Sílíńdà kìn-ín-ní Píjò wà ní ìhà gíábọ́ọ̀sì, kì í ṣe ní ìhà fáànù. Ẹ yí kíráǹkì títí fáfù èéfín ti 1 á fi ṣí tán, kẹ́ ẹ ṣe ìwọlé 3 àti èéfín 4. Èéfín 3 bá ṣí, ẹ ṣe ìwọlé 4 àti èéfín 2. Èéfín 4 bá ṣí, ẹ ṣe ìwọlé 2 àti èéfín 1. Èéfín 2 bá ṣí, ẹ ṣe ìwọlé 1 àti èéfín 3. Kí fílà géèjì (irin fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo) máa fà díẹ̀ bí ẹ bá ń yọ ọ́. Bí fáfù èéfín bá há jù, á jóná kí oko tó kórè tán.